Àfòmọ́ Ètò: Bí Irinṣẹ́ Àlẹ̀mọ́ Ṣe Ń Fi Agbára Kún Ètò Àwòṣe Ilé, àti Orúkọ tí Ó Tọ́ sí I ní Yorùbá

1.0 Ìfáárà

Láti ìgbà tí iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ti kúrò lórí tákàdá bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ni àwọn ọ̀rọ̀ tuntun ti ń ya wọ inú iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dí olùkọ́ tàbí atúmọ̀-èdè lọ́wọ́, nítorí pé Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ìlà, igun, ìbú, òòró, gíga, ògiri àti òrùlé kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ibi tí ìṣòro wà ni orúkọ àwọn ohun tí kò sí rí. Ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní plug-in, add-on tàbí extension: ètò kékeré tí kò lè dá ṣiṣẹ́, tí a lẹ̀ mọ́ ètò ńlá kan kí ètò ńlá náà lè ṣe ohun tí àwọn tí ó kọ ọ́ kò fi sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí atúmọ̀-èdè lọ́kàn ni àfikún. Ó rọrùn, ó sì yéni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni ó sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá kọ́ pé àfikún lásán ni nǹkan yìí yóò rò pé bí a bá ti fi í kún ètò ńlá, ó ti di ara rẹ̀ nìyẹn, bí iyọ̀ tí a fi kún ọbẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà mìíràn tí àfikún náà kò sí, tàbí ọjọ́ tí ètò ńlá náà bá pa awọ dà, ni yóò tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè ti bàjẹ́.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, àlàyé nípa bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni yóò ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí. Yíyan orúkọ ni yóò tẹ̀lé e. Èrò tí ó jẹ́ òpómúléró iṣẹ́ náà ni pé àfòmọ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn onígírámà Yorùbá ti ń lò tipẹ́ fún mọ́fíìmù tí kò lè dá dúró, ni ó bá nǹkan yìí mu jù lọ.

2.0 Ohun tí Ètò Àwòṣe Ilé Jẹ́

Ó yẹ kí a ya àwòrán ilé sọ́tọ̀ kúrò lára àwòṣe ilé. Ẹni tí ó ya ilé sórí tákàdá yóò ya ìrísí rẹ̀ láti òkè, yóò ya iwájú rẹ̀, yóò ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì ya inú rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀bẹ là á sí méjì. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn àwòrán wọ̀nyí. Bí onílé bá ní kí wọ́n sún fèrèsé kan síwájú díẹ̀, ayàwòrán ilé ní láti pa á rẹ́ kí ó sì tún un yà nínú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gbàgbé ọ̀kan, bíríkìlà lè kọ́ ohun tí onílé kò fẹ́.

Nínú àwòṣe, ilé kan ṣoṣo ni ó wà. Kọ̀ǹpútà fi nọ́ńbà mẹ́ta pa ààyè orí kóńkó kọ̀ọ̀kan mọ́: ti ìbú, ti òòró àti ti gíga. Ìlà so kóńkó méjì pọ̀. Ìlà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó bá pàdé lórí pẹrẹsẹ kan náà di ojú. Ojú púpọ̀ tí ó bá yí ara wọn ká di ògiri, òpó tàbí òrùlé. Ẹni tí ń wò ó lè yí ilé náà ká, kí ó wò ó láti òkè, kí ó sì wọ inú rẹ̀. Bí ó bá sún fèrèsé lẹ́ẹ̀kan, ó sún un nínú gbogbo ìrísí.

Ètò tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n SketchUp ni yóò jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó gba iwájú níhìn-ín, nítorí pé ó rọrùn láti kọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ @Last Software, ní ìlú Boulder ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé e jáde ní ọdún 2000. Google rà á ní ọdún 2006. Trimble sì rà á lọ́wọ́ Google ní ọdún 2012. Irinṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni èyí tí wọ́n pè ní Push/Pull, èyíinì ni títì-àti-fífà. Ẹni tí ó bá ti ya ojú onígun mẹ́rin sílẹ̀ lè di ojú náà mú, kí ó fà á sókè, kí ó sì di yàrá.

3.0 Ìdí tí Ètò Ńlá Kì í Fi í Tó

Kò sí ètò tí ó lè ní irinṣẹ́ fún gbogbo iṣẹ́ tí gbogbo ayàwòrán ilé lè fẹ́ ṣe. Ẹnì kan ń kọ́ ilé-ìwé, ó ń fẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹlòmíràn ń kọ́ gbọ̀ngàn, ó ń fẹ́ òrùlé tí ó tẹ̀ bí ikarahun ìgbín. Ẹnì kẹta fẹ́ mọ iye ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí yóò wọ yàrá ní ìrọ̀lẹ́. Bí àwọn tí ó ń kọ ètò bá gbìyànjú láti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ètò náà yóò wúwo, àṣẹ inú rẹ̀ yóò sì pọ̀ débi pé ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí ètò ńlá ní ìwọ̀nba irinṣẹ́, kí ó sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti kọ ìyókù. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ilé-iṣẹ́ Autodesk gbé ètò AutoCAD jáde ní ọdún 1982. Nígbà tí ó di ọdún 1986, ó fi èdè kan tí ń jẹ́ AutoLISP sínú rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ọmọ Lisp, èdè tí John McCarthy dá sílẹ̀ ní ọdún 1958. Láti ìgbà náà ni ayàwòrán ilé tí ó bá mọ èdè yìí ti lè kọ àṣẹ tirẹ̀ fún AutoCAD láìbéèrè lọ́wọ́ Autodesk. SketchUp ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2004. Èdè tí òun yàn ni Ruby, tí Yukihiro Matsumoto ará Japan kọ́kọ́ gbé jáde fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1995.

Ètò ńlá tí ó gba irú àlẹ̀mọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní ètò ìpìlẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ.

4.0 Ìloro Ètò

Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ retí láti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí: báwo ni ètò tí ẹlòmíràn kọ ṣe ń wọ inú ètò tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kò sì rí ìkọ̀wé inú rẹ̀ kà? Ìdáhùn wà nínú ilé Yorùbá fúnra rẹ̀. Ní agbo-ilé àtijọ́, àlejò kì í ti ìta wọ yàrá lọ tààrà. Ìloro ni yóò kọ́kọ́ wọ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti kí onílé, ibẹ̀ ni yóò ti sọ ohun tí ó bá wá. Onílé ni yóò sì wọlé lọ mú un wá.

Bákan náà ni ètò ìpìlẹ̀ ní ibi kan tí ó yà sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ibẹ̀ ní API. Ìloro ètò ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí dábàá fún un. Ohun tí ó wà nínú ìloro ni àkójọ àwọn ìbéèrè tí ètò ìpìlẹ̀ ti ṣèlérí láti dáhùn. Nínú SketchUp, àlejò lè sọ ní ìloro pé: ‘ya ìlà láti ibí dé ọ̀hún’, ‘sọ àwọn ìlà wọ̀nyí di ojú’, ‘fa ojú yìí sókè’, tàbí ‘ojú mélòó ni ẹni tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yàn?’ Ó lè ní kí wọ́n fi orúkọ òun kún àkójọ àṣẹ tí ó wà lókè àwòṣe. Ó sì lè ní kí wọ́n máa ta òun lólobó nígbàkúùgbà tí nǹkan bá yí padà nínú àwòṣe.

Ohun tí kò sí ní ìloro, àlejò kò lè rí i gbà. Kò lè tú irinṣẹ́ Push/Pull fúnra rẹ̀ palẹ̀ kí ó sì tún un tò. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó ṣe irinṣẹ́ mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Agbára àlẹ̀mọ́ kò lè kọjá ohun tí ìloro bá gbà á láàyè láti béèrè.

5.0 Àpẹẹrẹ: Irinṣẹ́ Àtẹ̀gùn

Kí àlàyé yìí má baà jẹ́ ti àfẹnusọ nìkan, àpẹẹrẹ kan yẹ ní títẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní ayàwòrán ilé kan ń ya ilé alájà, ó sì fẹ́ irinṣẹ́ tí yóò máa bá a ya àtẹ̀gùn.

Irinṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà mẹ́ta: gíga láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dé ilẹ̀ òkè, gíga ipele kọ̀ọ̀kan, àti ìtẹ́jú ipele, níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ká ní gíga gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 3, gíga ipele jẹ́ mìlímítà 150, ìtẹ́jú sì jẹ́ mìlímítà 300. Irinṣẹ́ náà yóò fi 150 pín 3000, yóò sì rí 20. Ìgbà ogún ni ẹsẹ̀ yóò gòkè, ṣùgbọ́n ìtẹ́jú 19 péré ni yóò yà, nítorí pé ilẹ̀ òkè fúnra rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ogún yóò tẹ̀. Àyè tí àtẹ̀gùn yóò gbà nílẹ̀ jẹ́ 19 lọ́nà 300, èyí tí í ṣe mítà 5.7. Ẹni tí ó bá fi ogún ṣírò yóò gba mìlímítà 300 ju ohun tí ó yẹ lọ, ó sì lè rí i pé ẹnu ọ̀nà yàrá kan ti dí.

Ṣùgbọ́n bí gíga bá jẹ́ mítà 2.9 ńkọ́? Bí a bá fi 150 pín 2900, ohun tí a ó rí ju 19 lọ díẹ̀, kò sì pé 20. Kò sì sí ẹni tí ń kọ́ ìdá ipele. Irinṣẹ́ ní láti yan ọ̀kan: yálà ìgòkè 19 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní nǹkan bí mìlímítà 152.6, tàbí ìgòkè 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní mìlímítà 145. Èyí tí yóò yàn wà lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Èyí jẹ́ ohun tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́: ìpinnu ènìyàn kan tí kò sí níbẹ̀ wà nínú gbogbo irinṣẹ́ tí a bá lẹ̀ mọ́ ètò, ayàwòrán ilé ni yóò sì dáhùn fún ilé náà.

Lẹ́yìn ìṣírò, irinṣẹ́ náà yóò bọ́ sí ìloro, yóò sì bẹ SketchUp kí ó ya ojú ìpele kìn-ín-ní, kí ó fà á sókè, kí ó ya èkejì, títí tí yóò fi tán. Yóò ní kí ó dì gbogbo rẹ̀ sí agbo kan, kí àtẹ̀gùn lè ṣeé gbé lọ gbé bọ̀ lódidi. Irinṣẹ́ tí ó bá mọ ìwà hù yóò tún sọ pé kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹni tí ó bá fẹ́ pa á rẹ́ lè pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé ó ń pa ìlà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀fìn kan wà ní ìloro SketchUp tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jìn sí. Ohunkóhun tí ẹni tí ń ya àwòṣe ìbáà fi máa wọn nǹkan, íǹṣì ni SketchUp ń lò nínú ara rẹ̀. Bí ẹni tí ó kọ irinṣẹ́ bá fi 150 ránṣẹ́ láìsọ pé mìlímítà ni, íǹṣì 150 ni ètò ìpìlẹ̀ yóò gbọ́, ipele kan yóò sì ga ní mítà 3.81, èyí tí ó ju ọkùnrin méjì tí ó dúró lé ara wọn lórí lọ. Àlejò tí kò bá mọ èdè onílé lè béèrè omi kí wọ́n gbé iná fún un.

6.0 Fífi Í Sí àti Ìṣọ́ra

Àwọn tí ó kọ irinṣẹ́ SketchUp máa ń di gbogbo fáìlì rẹ̀ sínú ẹrù kan tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ .rbz. Ẹni tí ó fẹ́ ẹ yóò ṣí ibi ìtọ́jú irinṣẹ́ nínú SketchUp, yóò tọ́ka sí ẹrù náà, ètò ìpìlẹ̀ yóò sì tú u sí ibi tí ó yẹ. Láti ọdún 2013 ni ibùdó kan tí ń jẹ́ Extension Warehouse ti wà, níbi tí àwọn tí ó kọ irinṣẹ́ ń kó wọn sí, tí àwọn tí ó nílò wọn sì ń lọ mú wọn, òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, òmíràn fún owó.

Ohun méjì ni ó yẹ kí olùkọ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Èkíní ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà SketchUp ni ó ní ìloro yìí. Èyí tí a fi sínú kọ̀ǹpútà gan-an ni ó ń gba irinṣẹ́ tí a fi Ruby kọ. Èyí tí a ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò nítorí pé ó ní ẹ̀yà ọ̀fẹ́, kì í gbà á. Ẹ̀yà ọ̀fẹ́ tí ó kẹ́yìn tí a lè fi sínú kọ̀ǹpútà ni SketchUp Make ti ọdún 2017. Olùkọ́ tí ó bá gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ka orí irinṣẹ́ àlẹ̀mọ́ láìwádìí èyí lè bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ ní ìta ẹ̀kọ́ náà.

Èkejì ni pé irinṣẹ́ tí a fi Ruby kọ kò mọ sí inú àwòṣe nìkan. Ó lè ka fáìlì mìíràn nínú kọ̀ǹpútà, ó sì lè pa wọ́n rẹ́. Nítorí èyí ni SketchUp fi ní ètò ìfọwọ́sí, tí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà fi lè pàṣẹ pé kí irinṣẹ́ tí kò ní ìfọwọ́sí má wọlé. Ẹni tí ó bá gba àlejò ní láti mọ ibi tí àlejò ti wá.

7.0 Ohun tí Ó Ń Ṣẹ́kù Nígbà tí Àlẹ̀mọ́ Kò Bá Sí

Ibi tí ọ̀rọ̀ àfikún ti kùnà gan-an nìyí. Ọbẹ̀ tí a fi iyọ̀ sí ní agogo méje, iyọ̀ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ ní agogo mẹ́jọ, ilé ẹnikẹ́ni tí a ìbáà gbé e lọ. Irinṣẹ́ àlẹ̀mọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, ètò ìpìlẹ̀ mẹ́ta sì fi ọ̀nà mẹ́ta hàn tí ó lè gbà ṣẹlẹ̀.

Nínú SketchUp, àtẹ̀gùn tí irinṣẹ́ yà yóò wà síbẹ̀ bí a tilẹ̀ yọ irinṣẹ́ náà kúrò, nítorí pé ìlà àti ojú gidi ni ó fi yà á. Ohun tí yóò lọ ni ìmọ̀ pé àtẹ̀gùn ni. Kò ní sí ẹni tí yóò tún lè yí 150 sí 145 kí gbogbo ipele sì tún ara wọn tò. Ọwọ́ ni a ó fi tún un ṣe.

Nínú AutoCAD, àwọn ètò àlẹ̀mọ́ kan lè dá irú ohun tuntun sílẹ̀ tí AutoCAD fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Bí a bá ṣí fáìlì náà níbi tí àlẹ̀mọ́ kò sí, AutoCAD yóò fi ohun mìíràn dípò rẹ̀, tí a lè rí ṣùgbọ́n tí a kò lè tún ṣe bí ó ti yẹ. Proxy ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ń jókòó sípò ẹni tí kò sí nílé: adelé. Adelé ń di ààyè mú, ṣùgbọ́n kò lè ṣe gbogbo ohun tí ọba ń ṣe.

Ẹ̀kẹta ni Grasshopper, tí David Rutten bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007 gẹ́gẹ́ bí àlẹ̀mọ́ fún ètò Rhino. Nínú rẹ̀, ẹni tí ń yàwòrán ń fi okùn so àpótí pọ̀ mọ́ àpótí. Ohun tí ó bá jáde nínú ọ̀kan ni yóò wọ inú èkejì. Àwọn ẹlòmíràn ti kọ àpótí tiwọn kún ti Rutten. Bí a bá ṣí iṣẹ́ tí a fi àpótí bẹ́ẹ̀ ṣe níbi tí wọn kò sí, Grasshopper yóò kìlọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí òun kò mọ̀. Okùn yóò já láàárín, ohun tí ó yẹ kí ó ti inú wọn jáde kò sì ní jáde.

Ètò ìpìlẹ̀ náà lè pa dà. Ní ọdún 2014, SketchUp kúrò lórí ẹ̀yà Ruby 1.8 bọ́ sí ẹ̀yà 2.0. Ohun tí ó tọ́ nínú ti àtijọ́ kò fi gbogbo ìgbà tọ́ nínú ti tuntun, nítorí náà àwọn tí ó kọ irinṣẹ́ ní láti tún ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe. Irinṣẹ́ tí ẹni tí ó kọ ọ́ bá ti kú tàbí tí ó ti pa á tì kò rí olùtúnṣe. Igi ti yí padà. Ohun tí ó so mọ́ ọn sì gbẹ.

8.0 Yíyan Orúkọ

Lẹ́yìn tí a ti wo ilé báyìí, a lè sọ ọmọ lórúkọ. Ohun mẹ́rin ni orúkọ náà gbọ́dọ̀ lè gbé: pé nǹkan náà kò lè dá dúró, pé ibi tí a gbà á láàyè nìkan ni ó lè so mọ́, pé ó lè so mọ́ ju ìpìlẹ̀ kan lọ, àti pé ó lè so mọ́ àlẹ̀mọ́ bíi tirẹ̀.

Àfikún kò gbé ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orí tí ó kẹ́yìn ìwé jẹ́ àfikún. Owó oṣù lè ní àfikún. Ìmúgbòòrò sọ ohun tí ètò ìpìlẹ̀ rí gbà, kò sọ ohun tí ó fún un. Àfibọ̀ dára ju àwọn wọ̀nyí lọ nítorí pé ó sọ pé a ti inú ohun kan bọ inú òmíràn, ṣùgbọ́n ó jọ pé nǹkan náà ti lè dá wà kí a tó fi í bọ̀ ọ́. Yíyá plug-in wọlé ní plọ́ọ̀gì-ìn kò burú lẹ́nu ọ̀rọ̀ sísọ; àmọ́ plọ́ọ̀gì tí ó wà létí Yorùbá ni ti iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni ti inú ẹ̀rọ ọkọ̀, kò sì sí èyí tí ó ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Àfòmọ́ gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Igi kékeré tí ń hù lórí igi mìíràn ni ó kọ́kọ́ ni orúkọ náà, àwọn àgbà sì pa á lówe pé àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ni í bá tan. Àwọn onígírámà gbà á lò fún mọ́fíìmù bí àì- àti oní-, ìlò yìí ni ó sì wúlò jù níhìn-ín.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ẹni tí ń sọ pé àì- kí ẹlòmíràn sì gbọ́ nǹkan kan. Ó dìgbà tí ó bá bá lọ tàbí sùn pàdé kí ó tó di àìlọ tàbí àìsùn. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀-ìṣe ni àì- ń so mọ́. A kò lè fi í mọ́ ilé tààrà. A ní láti gba ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ní kọjá, kí ó di àìnílé. Ìloro tirẹ̀ nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, oní- ń so mọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ń yí ìrísí rẹ̀ padà láti bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu: onílé, aláṣọ, ẹlẹ́ran, olówó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni V-Ray, irinṣẹ́ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ àti òjìji kún àwòṣe, tí ilé-iṣẹ́ Chaos ti ìlú Sofia ní Bulgaria kọ. Ó so mọ́ SketchUp, ó so mọ́ Rhino, ó so mọ́ Revit, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tí ó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ fún un. Lẹ́ẹ̀kẹrin, nínú aláìmọ̀, oní- so mọ́ àìmọ̀, àì- sì ti so mọ́ mọ̀ ṣáájú. Bákan náà ni irinṣẹ́ Kangaroo ti Daniel Piker so mọ́ Grasshopper nígbà tí Grasshopper fúnra rẹ̀ so mọ́ Rhino.

Àwọn kan lè tako orúkọ yìí pé àfòmọ́ orí igi ń mu omi ara igi, ó sì lè pa á, nígbà tí irinṣẹ́ àlẹ̀mọ́ ń ṣe ètò ìpìlẹ̀ lóore. Ìtakò náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn méjì wà fún un. Ìlò inú gírámà ti bọ́ ẹ̀bi yẹn lára ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tí ó rò pé oní- ń pa owó lára nínú olówó. Èkejì ni pé ìkìlọ̀ tí ó ṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìwúlò, nítorí pé ètò ìpìlẹ̀ tí ó ru àfòmọ́ púpọ̀ máa ń fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ kí ó tó ṣí, àfòmọ́ tí a kọ bákan sì lè dá a dúró. Kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ ti gírámà, àfòmọ́ ètò ni kí a máa pè é níbi tí àṣìgbọ́ bá ti lè wáyé.

9.0 Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó ti jáde báyìí tí olùkọ́ lè fi ṣe ẹ̀kọ́ kan láìyá ọ̀rọ̀ kankan: ètò ìpìlẹ̀, tí í ṣe ètò ńlá tí ń gba àlejò, ìloro ètò, tí í ṣe ibi tí àlejò ti ń sọ ohun tí ó ń fẹ́, àfòmọ́ ètò, tí í ṣe àlejò náà, àti adelé, tí í ṣe ohun tí ń di ààyè mú nígbà tí àfòmọ́ kò bá sí. Ọ̀kan ń ti èkejì lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ìloro yóò béèrè ta ni onílé. Èyí tí ó bá gbọ́ àfòmọ́ yóò béèrè igi wo ni ó wà lórí rẹ̀, àti kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí igi náà bá wó.

A lè fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Grasshopper. Ní ọdún 2018, nígbà tí ẹ̀yà kẹfà Rhino jáde, wọ́n fi Grasshopper sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ara ètò ìpìlẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó ń pè é ní àfikún láti ọdún 2007 kò ní rí ìyàtọ̀ kankan láti sọ. Ẹni tí ó pè é ní àfòmọ́ yóò lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: ohun tí ó ti jẹ́ àfòmọ́ rí ti di ara igi.

Nígbà tí Unifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́-ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà rẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ohun tí iṣẹ́ náà gbẹ́kẹ̀ lé ni pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ní gbòǹgbò lọ́kàn ọmọ ni ìmọ̀ tuntun lè dúró lé. Òtítọ́ náà kò tíì yí padà fún ẹni tí ń kọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àwòṣe ilé lónìí.